Bí ẹ ṣe lè wá orúkọ sójà Bọ́mà ìdílé yín lára òkúta ìrántí

Títí tí ìyá tó bí ìyá mi fi kú lọ́dún 1996, mi ò gbọ́ kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ rí. "Ẹ̀gbọ́n Sójà" ló máa ń pè é. Àbúrò tí wọ́n kọ́ nílé kì í la orúkọ ẹ̀gbọ́n mọ́lẹ̀, ìyá àgbà sì mọ ẹ̀kọ́ yẹn dájú. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí orúkọ ọkùnrin náà sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tí mo ní kí n wá a kàn, ẹni mẹ́ta ni mo bi léèrè ní agboolé wa ní Ìsẹ́yìn, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún mi.

Aṣọ òkè ló ń hun kí ogun Hítílà tó dé. Ìyá àgbà ní orí òfì ló wà lọ́jọ́ tó sọ pé òun ń lọ, àti pé ó hun èyí tó wà níwájú rẹ̀ tán kó tó dìde. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, ó ti Íńdíà dé Bọ́mà, ó di àwátì. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá kú sájò tí kò ṣeé gbé wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gé wá kí àwọn ará ilé lè rí nǹkan sin. Èyí náà kò tẹ ìyá àgbà lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè eèpẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n fín sára òkúta, ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tẹ̀ rí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá orúkọ yẹn. Mo ń kọ èyí kí tiyín má bàa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí

Àwọn sójà wa tó lọ sí Bọ́mà wà nínú dífíṣọ̀nù (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá) méjì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn 81 àti 82. Ọdún 1943 ni wọ́n dá méjèèjì sílẹ̀, láti Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sàró àti Gáńbíà. Dífíṣọ̀nù 81 ló gba àfonífojì odò Kaladan wọ Arakan, agbègbè kan ní ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà. Kí wọ́n tó lè wọ ibẹ̀, àwọn fúnra wọn ló la ọ̀nà jíìpù gba àárín òkè, nǹkan bíi máìlì 75. Níbi tí jíìpù kò bá sì ti lè dé, orí ni wọ́n fi ru oúnjẹ àti ọta. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹrù rírù yẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì ni Commonwealth War Graves Commission, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1917. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tí wọ́n bá mọ ibojì rẹ̀, wọ́n á gbé òkúta sí i lórí. Ẹni tí wọn kò bá mọ ibi tó sùn sí, wọ́n á fín orúkọ rẹ̀ sára òkúta ìrántí ńlá kan pẹ̀lú tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ti Bọ́mà ni wọ́n ń pè ní Rangoon Memorial. Inú ibi ìsìnkú Taukkyan ló wà, nǹkan bíi kìlómítà 35 sí àríwá Yangon, ìlú tí wọ́n ń pè ní Rangoon nígbà yẹn, ọdún 1958 ni wọ́n sì ṣí i. Àwọn òpó gíga ló tò lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, gbàgede róbótó kan wà láàárín, ara àwọn òpó yẹn ni wọ́n fín orúkọ sí. Orúkọ tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000.

Wọ́n kọ gbólóhùn kan sí àárín rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ jẹ́ sójà láti inú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, tí ìpín ogun fi ètò ìsìnkú tó yẹ dù wọ́n, èyí táwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn rí gbà nígbà tí wọ́n kú. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Àṣé wọ́n mọ̀ pé a ò rí i sin."

Gbólóhùn mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ní gbogbo ẹni òmìnira ni wọ́n torí rẹ̀ kú. Èdè márùn-ún ni wọ́n fi kọ ìyẹn: Gẹ̀ẹ́sì, èdè Bọ́mà, Híńdì, Úúdù àti Púńjábì tí wọ́n fi lẹ́tà Gúrúmúkì kọ. Kò sí Yorùbá níbẹ̀, kò sí Haúsá, kò sí èdè Áfíríkà kankan. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Bí ẹnì kan nínú ìdílé yín bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ ní kó ka orúkọ ènìyàn yín sókè, kó fi ohùn Yorùbá kà á.

Ẹ ti ilé bẹ̀rẹ̀

Ẹ má sáré lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́jọ lásán.

Bí ẹ bá bi àgbàlagbà pé "Kí ni orúkọ bàbá yẹn?", ohun tó ń pè é ni yóò sọ fún yín, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta tí wọ́n fún mi, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ oríkì rẹ̀. Èkejì jẹ́ orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé sọ ọ́, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ tó bá nílé lórúkọ, ẹ̀dà orúkọ ni wọ́n máa ń fún un. Ẹ̀kẹta ni orúkọ tí áfà pè sí i létí lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹ̀kẹta yìí ló bá a wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó dáadáa: ìdílé àwọn tó ju sójà náà lọ ni kí ẹ lọ wádìí. Àwọn ló láṣẹ láti pè é lórúkọ nígbà ayé rẹ̀, àwọn ni ọmọ wọn sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Ẹ béèrè orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Ẹ béèrè ìlú tó wà nígbà tó wọṣẹ́ sójà, nítorí ọmọ Ìsẹ́yìn lè forúkọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Ẹ béèrè bóyá owó kankan wá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ta ló sì gbà á. Ẹ béèrè ẹni tó ka wáyà fún wọn nígbà tí ìròyìn dé. Bí ó bá jẹ́ tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí akọ̀wé ọba ló kà á, ẹni yẹn lè ti kọ nǹkan sílẹ̀.

Ẹ ṣe sùúrù fún àwọn tí kò gbà pé ó kú. Ìyá àgbà kò gbà títí ayé rẹ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi, nítorí àwọn kan padà wá tí wọ́n ti sọ̀rètí nù lórí wọn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ogun. Àwọn Japan yìnbọn lù ú ní àfonífojì Kaladan lọ́dún 1944, ará abúlé kan níbẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ ló fi òun àti ọmọ Sàró kan pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi padà gba ibẹ̀. Ó wálé, ó sì pẹ́ láyé títí di ọdún 2012. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ máa ń tàn ká, ìyá tàbí àbúrò tó bá sì gbọ́ ọ kò ní ṣẹ́gi ìrètí tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ tú àpótí. Ẹ wo inú Kùránì àtijọ́, inú Bíbélì, abẹ́ àwo tí ẹnikẹ́ni kì í gbé sọ̀kalẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni nọ́ńbà. Nọ́ńbà àwọn sójà Nàìjíríà nígbà ogun Hítílà máa ń fi NA bẹ̀rẹ̀, ó lè wà lẹ́yìn lẹ́tà, lẹ́yìn fọ́tò, tàbí nínú ìwé owó oṣù rẹ̀. Bí ẹ bá rí NA pẹ̀lú nọ́ńbà, ọ̀nà yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ là tán. Ẹ tún lè rí mẹ́dà, pàápàá bí ẹni yín bá padà wá láàyè. Mẹ́dà ogun Bọ́mà jẹ́ ìràwọ̀ oní-igun mẹ́fà aláwọ̀ idẹ, rìbọ́nù rẹ̀ jẹ́ búlúù dúdú pẹ̀lú ilà pupa láàárín àti ilà olómi ọsàn méjì. Ẹ má wá orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò kọ orúkọ sí i. Mẹ́dà ogun àgbáyé kìíní ni wọ́n máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí etí rẹ̀, ẹ yí i wò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ bó bá jẹ́ pé èyí ni ẹ rí.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni a ní. Ó dúró nínú kúkúrú káàkí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àga. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì kan ní kí n fi sílẹ̀ fún òun, pé òun á fi wá orúkọ rẹ̀ bá mi. Ìgbà tí mo padà lọ, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn, mi ò sì rí i mọ́ títí di òní. Mo bẹ yín, ẹ fi fóònù ya gbogbo ohun tí ẹ bá rí, níwájú àti lẹ́yìn, lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i gan-an. Ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ẹni náà ṣèèyàn tó.

Bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti máa ń sọ̀rètí nù. Akọ̀wé tó kọ orúkọ àwọn èèyàn wa sílẹ̀ kò kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí. Etí ni ó fi kọ ọ́, pàápàá nígbà tí sójà fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé tí yóò fi tún un ṣe.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ náà láìsí àmì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tó lè gbà dàrú. Níbi tí ṣ bá wà, ẹ kọ s, ẹ tún kọ sh. Ṣàngódélé lè jẹ́ Sangodele, Shangodele tàbí Shongodele. Adébáyọ̀ lè jẹ́ Adebaiyo. Sùnmọ́nù lè jẹ́ Sumonu tàbí Sumanu, Yésúfù lè jẹ́ Yesufu tàbí Yusufu, Lásísì lè ní s mẹ́ta. Bí orúkọ bá gùn, ẹ pín in sí méjì, torí akọ̀wé lè fi àlàfo sí àárín rẹ̀. Ẹ sì fi iwájú sẹ́yìn, kí orúkọ rẹ̀ di ti bàbá, kí ti bàbá di tirẹ̀.

Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún mi rèé. Ọ̀pọ̀ sójà ló jẹ́ pé ìlú wọn ni wọ́n fi ṣe orúkọ ìdílé fún wọn. Wọ́n á bi í pé "Kí ni orúkọ rẹ?", á ní Lásísì. "Ti ibo?" Ti Ìbàdàn. Ó di Lasisi Ibadan, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa jẹ́ títí tó fi kú. Nítorí náà, ẹ fi orúkọ ìlú wá a, kí ẹ sì fi sípẹ́lì ìgbà yẹn wá a: Oshogbo, Ogbomosho, Ilesha, Shaki.

Mo ti fi Iseyin wá a ní àìmọye ìgbà, mi ò rí nǹkan kan. Lóru ọjọ́ kan nínú àwẹ̀ Ramadan, mo jókòó tí mò ń dúró de sààrì, mo rántí pé máàpù kan wà ní ilé ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀, tí wọ́n kọ ìlú wa sí i ní Isehin, pẹ̀lú h. Mo tẹ Isehin. Orúkọ áfà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún mi ló wà lókè yẹn, Isehin ló tẹ̀ lé e. Ọdún 1945 ló kú. Wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀, orúkọ náà sì ni àwa ṣì fi ń pe agboolé wa. Mi ò lè jẹun sààrì ọjọ́ yẹn.

Bí a ṣe ń wá a lórí ẹ̀rọ

Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín wá a, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ lọ sí ojú ìwé àjọ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, cwgc.org, ibi tí wọ́n ti ń wá àwọn tó kú lógun. Ẹ fi orúkọ ẹ̀yìn nìkan sí àyè Surname, kí ẹ fi àyè orúkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ mú ogun àgbáyé kejì. Bí èsì bá pọ̀ jù, ẹ fi Rangoon Memorial sí àyè ibi ìrántí.

Ẹ má fi Nigeria Regiment sé ara yín mọ́. Mo ní kí ẹ rántí àwọn tó fi orí ru ẹrù. Sójà ni wọ́n, wọ́n sì kú bí àwọn yòókù ṣe kú, àmọ́ ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Auxiliary Group ni wọ́n wà. Àwọn mìíràn wà lára àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ ọmọ ogun, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń ṣe afárá. Bí àwọn ará ilé bá ní kò yìnbọn rí, tàbí pé ọ̀gá kúùkù ni, ẹ wá a lábẹ́ àwọn ẹ̀ka wọ̀nyẹn.

Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: nọ́ńbà NA rẹ̀, ipò rẹ̀, bàtálíọ̀nù rẹ̀, ọjọ́ tó kú, àti nọ́ńbà Face, ìyẹn ojú òpó tí orúkọ rẹ̀ wà. Bàtálíọ̀nù máa sọ ìtàn fún yín. Bó bá jẹ́ 6, 7 tàbí 12 ti Nigeria Regiment, tó sì kú lọ́dún 1944, àwọn Chindit ló bá lọ, àwọn tó lọ jà lẹ́yìn ìlà àwọn Japan nínú igbó. Bàtálíọ̀nù 4 wà nínú dífíṣọ̀nù 81. Bàtálíọ̀nù 1, 2, 3, 5, 9 àti 10 wà nínú 82. Tiwa wà nínú 82, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé Arakan ló ti kú.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo sì ti gba ẹ̀gbẹ́ bárékè Letmauk ní Mọ́kọ́lá kọjá fún ọgbọ̀n ọdún ó lé láìmọ̀ pé ibìkan ní Bọ́mà ni Letmauk. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dodan àti Arakan tí ẹ̀yin ará Èkó ń fi ẹnu pè lójoojúmọ́, àti Myhoung tó wà ní Yábàá. Orí ilẹ̀ tí àwọn èèyàn wa ti jà ni wọ́n ti mú orúkọ wọ̀nyẹn wá.

Bí ẹ kò bá rí i

Ẹ kọ́kọ́ yọ Rangoon Memorial kúrò, kí ẹ wá a káàkiri ayé. Ó lè ní ibojì tirẹ̀ ní Taukkyan, níbi tí wọ́n kó òkú àwọn tó wà ní Akyab, Mandalay, Meiktila àti Sahmaw jọ sí láti ọdún 1951. Ó lè wà ní Chittagong, tó wà ní Bangladesh báyìí, tàbí kó jẹ́ pé ọsibítù ní Íńdíà ló dákẹ́ sí. Ó lè má kúrò nílé rárá, bí àìsàn bá pa á ní bárékè kó tó wọkọ̀.

Ẹ wo ọjọ́ ikú náà. Fún ogun Hítílà, àwọn tó kú láàárín September 3, 1939 àti December 31, 1947 ni àjọ náà ń kà. Ẹni tó padà wálé tí ọgbẹ́ rẹ̀ sì pa á lọ́dún 1949 kò ní sí nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ogun àgbáyé kìíní ni tiyín, ogun Kamẹrúùnù tàbí ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ẹ mú ọkàn yín le. Lọ́dún 2021, ìgbìmọ̀ tí àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, ó sì lè tó 350,000, ni wọn kò fín orúkọ wọn síbì kankan, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì ní ìrántí kankan rárá. Ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn èèyàn yẹn kò dára, wọ́n sì ti sọ pé àwọn ń wá àtúnṣe sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ̀rí pé ẹni yín kú sógun tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí, ẹ kọ̀wé sí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí sípẹ́lì bá burú. Ẹ̀dà ìwé ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ìwé tí wọ́n kọ nígbà yẹn ló sì níyì lójú wọn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Èmi ò ní kí wọ́n yí tiwa padà. Orúkọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n fi fún un, ó sì wù mí kí Ìsẹ́yìn wà lára òpó yẹn, pàápàá bí wọ́n bá fi h kọ ọ́.

Lílọ síbẹ̀, àti gbígbé orúkọ wálé

Pẹ̀lú bí Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, ṣe rí láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba lọ́dún 2021, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lọ síbẹ̀ lásìkò yìí. Àwọn afínnúfíndọ̀ wà tí wọ́n ti ya fọ́tò àwọn òkúta yìí fún àwọn ìdílé, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà. Fọ́tò tiwa dé lórí fóònù ọmọ mi. Orúkọ rẹ̀ wà láàárín ti àwọn méjì mìíràn tí ìlú ń bẹ lẹ́yìn orúkọ tiwọn náà. Ewéko wẹ́wẹ́ ti hù sínú lẹ́tà H yẹn, ó tutù yọ̀yọ̀, tó fi jẹ́ pé òun ni ojú kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè lọ sí Windrush Square ní Brixton, níbi tí wọ́n ti ṣí òkúta ìrántí àwọn ọmọ ogun Áfíríkà àti Caribbean ní June 22, 2017. Àwọn òpó ìrántí tó wà ní Constitution Hill náà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2002, wà fún àwọn ará Áfíríkà, Caribbean àti agbègbè Íńdíà. Ẹ má lọ wá orúkọ bàbá yín níbẹ̀ o, ẹgbẹ́ lódindi ni wọ́n fi rántí. Ní Èkó, gbàgede ìrántí wà ní Tafawa Balewa Square, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù January sì ni ayẹyẹ ìrántí àwọn ọmọ ogun nílẹ̀ wa.

Àmọ́ lójú tèmi, ilé ló yẹ kí orúkọ náà padà sí. Mábù kékeré ni a ṣe, a gbé e mọ́ ara ògiri tó kọjú sí ibi tí òfì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. A kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí Bọ́mà, àti bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni oríkì rẹ̀, nọ́ńbà NA rẹ̀, ọdún tó kú, àti ojú òpó tó wà ní Taukkyan, kí ọmọ wa tó bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú má bàa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí yóò fín in. Kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe tiwa kò ní àmì abẹ́, ó sì fi kọ́mà sí abẹ́ ọ. Mábù àkọ́kọ́ bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yín kọ orúkọ náà gàdàgbà sórí páálí, kí ẹ ní kó fi pẹ́ńsù ṣe é sórí òkúta kó tó gbé irin sí i. Kí àwọn méjì kà á sókè, kí ẹni kẹta má wo páálí rárá, kó kàn máa gbọ́. Àmì abẹ́ kò gbọdọ̀ kéré, torí ọ̀dà yóò dí i. Kí ó tó hóró àgbàdo kékeré.

Lọ́jọ́ tí a ṣí i, áfà ṣe fìdáù, àwọn ẹbí wa tó jẹ́ onígbàgbọ́ náà wá, wọ́n gbàdúrà tiwọn. A wá ní kí ẹnì kan pe orúkọ náà, gbogbo obìnrin agboolé bojú wẹ̀yìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ló dìde, òun ló ń dúró fún bàbá rẹ̀ tó ju sójà náà lọ. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi oríkì kún un, ó ní, "Máa wọlé." Ìyá mi kò pè é. "Ẹ káàbọ̀ o, Bọ̀dá mi" ló sọ, ó sì kúnlẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ òkúta náà, ẹ má fi jíìkì tàbí ọṣẹ líle fọ̀ ọ́, yóò jẹ lẹ́tà rẹ̀. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó, kí ẹ sì máa ti òkè fọ̀ ọ́ wá sílẹ̀.